Màmá Èkó ò dé Iléṣà: a fẹ́ ṣe ìrántí Adéṣẹwà Ògúndé, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Òkèṣà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan ní Iléṣà níbí ló fẹ́ ṣe ètò ìrántí Adéṣẹwà Ògúndé, ẹni tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Màmá Èkó. Obìnrin mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta, ìṣẹ́jú 45 lórí ìtàgé, nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan tó gba nǹkan bí igba èèyàn. Oṣù kẹsàn-án la fi sí, torí oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 ni ìjàǹbá mọ́tò mú un lọ, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé, ọkọ rẹ̀, ń bọ̀ wá ṣe eré Àyànmọ́ ní Iléṣà. Àwọn tó ń retí rẹ̀ nígbà náà ò rí i. Ìlú òṣómàáló sì ni wá, a mọ bí gbèsè ṣe máa ń rí lára.

Ohun tó ń dà wá láàmú nìyí. Ibi yòówù ká wò, Ògúndé là ń rí. Ìlà kan, ó pọ̀ jù méjì, ni wọ́n ń fi sọ ti ìyàwó. A fẹ́ tẹ ìwé pélébé olójú ewé mẹ́rin tá a máa pín lẹ́nu ọ̀nà, a ò sì fẹ́ tẹ irọ́. Kí lèèyàn lè kọ tó dájú? Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo ni wọ́n ṣe ń to eré nígbà ayé rẹ̀, kí tiwa má lọ dà bíi fíìmù àgbéléwò tí wọ́n gbé sórí pèpéle? Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwo orin méjì ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀kan dúdú, ó wúwo, ó le gbagidi. Èkejì kéré, ihò àárín rẹ̀ sì fẹ̀. Orúkọ Ògúndé ló wà lára méjèèjì, wọ́n sì ní ohùn obìnrin wà nínú wọn. A ò tíì gbé e sórí ẹ̀rọ kankan, kí á má baà fi ìwàǹwára bà á jẹ́.

Ará Enúwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Iléṣà. Ohun tẹ́ ẹ kà sí ìṣòro yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn. Ẹ má wá obìnrin yìí lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nìkan, abẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Orúkọ ẹgbẹ́ náà sì ń yí padà, èyí tó wúlò púpọ̀. African Music Research Party ni wọ́n ń jẹ́ láti 1945. Ní 1947 ó di Ogunde Theatre Party. Ní 1950 ó di Ogunde Concert Party, àkókò tí sakisofóònù, gìtá àti àwọn eré kéékèèké aláwàdà wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ní 1960 ó di Ogunde Theatre. Tẹ́ ẹ bá rí pósítà tàbí àwo tí kò ní ọdún lára, ẹ ka orúkọ ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó ka nǹkan mìíràn.

Ní ti iṣẹ́ tó ṣe, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ irú ọjà tó wọ̀. Ọlọ́pàá ni Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Eré ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní June 1944 ní Glover Memorial Hall l'Ékòó. Nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin ò ṣòro rí: ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n, wọn ò gba kọ́bọ̀, bàbá wọn sì jókòó síwájú. Ọjọ́ tí Ògúndé sọ eré di iṣẹ́ owó ni wàhálà dé. Bàbá wo ló máa ní kí ọmọ òun máa tẹ̀ lé onílù kiri láti ìlú dé ìlú? Alágbe ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá òṣèré obìnrin, kò rí ẹni gidi kan. Ó wá yí i dà, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Nígbà tí wọ́n dé tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé. Àwọn tó gbà kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ ilé ọkọ, iṣẹ́ á tún dàrú. Ohun tó fi yanjú ẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ wọn. Clementina Oguntimirin tó di Adéṣẹwà Ògúndé wà nínú ìran yẹn. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá kọ "ìyàwó Ògúndé" lásán, ẹ ti pa ìdajì ìtàn náà. Ìgbéyàwó àti iṣẹ́, àdéhùn kan náà ni.

Ẹ tún lè kọ pé ní 1964 ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn nítorí eré Yorùbá Ronú, àti pé oṣù kejì ọdún 1966 ni ìjọba Fájuyì tó tú u sílẹ̀. Iléṣà àti Ifẹ̀ wà lábẹ́ òfin yẹn. Ní 1967, ẹgbẹ́ náà ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn àgbáyé ní Montreal, ní Kánádà. Lẹ́yìn ìyẹn, 1970.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó lọ. Ní àwọn gbọ̀ngàn orin Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, Marie Lloyd tó kú ní 1922, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára pósítà, ẹni tó fẹ́ ẹ kò kan òǹwòran. Níbí, orúkọ ọkọ ni pátákó. Kì í ṣe pé Màmá Èkó ò gbajúmọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tú jáde nígbà ìsìnkú rẹ̀. Pátákó ló gba orúkọ mì.

Làgèrè Òkè

Ará Enúwá ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbá nǹkan kan mú kó tó bọ́ sínú ìwé pélébé. Ẹ má kọ pé òun ni "obìnrin àkọ́kọ́ tó fi eré ṣe iṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá". Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́, ẹnì kan ń da ti ẹlòmíràn kọ. Nígbà tí wọ́n polówó eré Tiger's Empire tí wọ́n ṣe ní 4 March 1946, orúkọ obìnrin tó hàn nínú ìpolówó gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí wọ́n sanwó fún ni Beatrice Oyede àti Abike Taiwo. Àwọn méjèèjì náà ti di ẹni ìgbàgbé, ẹ má fi ìrántí ẹnì kan sin ẹni méjì. Ẹ kọ "ọ̀kan lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́", ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì méfò ọdún ìbí. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ìsìnkú ni kẹ́ ẹ fi gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kankan, ẹ fi ọdún tó kú nìkan sí i.

Ní ti ìwé ìròyìn: ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU, torí ó sún mọ́ yín, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ni láti Iléṣà. Lẹ́yìn náà ni àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà ẹgbẹ́ yín dání, ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn àti oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ sínú rẹ̀: Daily Times, Daily Sketch, Nigerian Tribune, September sí October 1970. Ẹ má wo ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Ojú ewé ìpolówó òkú àti ti eré ìtàgé ló máa ń ní ohun gidi: ọ̀nà tí wọ́n máa gbé òkú gbà, ṣọ́ọ̀ṣì, aago, orúkọ àwọn ẹbí. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kì í fi àmì sí orúkọ, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ lóríṣiríṣi. Ẹ wá Clementina, ẹ wá Oguntimirin, ẹ wá Adeshewa, Adesewa, Mrs. Ogunde, Mama Eko. Tẹ́ ẹ bá wá ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni àwọn àgbà Iléṣà fúnra wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1970 ti lé ní àádọ́rin báyìí, ẹ tètè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo ni, mà?" Wọn á fún yín lọ́dún, á sì jẹ́ èyí tó wù wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n fi wọlé. Tí wọ́n bá ní ṣílè, ó ti ṣáájú 1 January 1973 tí náírà dé. Ẹ bi wọ́n pé apá wo ni mọ́tò ń gbà lójú títì nígbà náà. Tó bá jẹ́ òsì, ó ti ṣáájú 2 April 1972. Ṣé ogun Biafra ṣì ń lọ? Ṣé ó ti parí? January 1970 ló parí. Tí ẹnì kan bá sì fi gbogbo ara búra pé òun wo Màmá Èkó ní Iléṣà ní 1965, ẹ rántí òfin Akíntọ́lá. Ó lè jẹ́ ìlú mìíràn, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ má bá àgbà jiyàn. Ẹ ṣáà bi í pé gbọ̀ngàn wo, ta ló bá a lọ, kí ni obìnrin náà wọ̀. Á tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Fóònù ti tó fún gbígba ohùn. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà já a, ẹ gbé e lé aṣọ tó ká, kì í ṣe orí tábìlì lásán, ẹ má sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti pé òun gbà kí ẹ lò ó. Wákàtí kan, ẹ dìde. Lẹ́yìn wákàtí kan, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ padà fún yín.

Aláwo Orin

(Àwo orin o, kì í ṣe awo. Àlàyé yìí ò tán láti ọdún tí mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí.)

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kò tíì gbé e sórí ẹ̀rọ. Èyí tó wúwo tó sì le gbagidi yẹn, shellac ni, ìyípo 78 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀, fáínì ni (vinyl, irú ike kan), ìyípo 45. Ohun tó yẹ ọ̀kan á ba èkejì jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì, ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ààrin ibi tí orin parí sí àti bébà àárín. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ àwo náà ní ti òótọ́. Bébà lè ṣí, lè parẹ́, lè ní àṣìkọ.

Fífọ̀: ẹ má fi spirit, ọtí tàbí hand sanitizer kan 78. Ọtí ń yọ́ shellac, ojú orin á di lílẹ̀mọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Omi tí wọ́n sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, distilled water, lítà kan, kẹ́ ẹ kán ọṣẹ ìfọ-abọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ẹ kíyè sára lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta omi bátìrì: oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, ọ̀kan omi lásán, ọ̀kan ásíìdì, ìgò wọn sì jọra. Ẹ ka ara ìgò. Aṣọ rírọ̀ tí kì í yọ òwú, ẹ fi nù ún yípo bí ojú orin ṣe lọ, ẹ má nù ún lábùú. Omi ò gbọ̀dọ̀ kan bébà àárín. Ẹ fi omi tí kò lọ́ṣẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ gbé e dúró lóròó níbi tí oòrùn ò sí, wákàtí méjì ó kéré tán. Oòrùn Iléṣà lọ́sàn-án á ká fáínì bí ewé ẹ̀kọ.

Abẹ́rẹ́: èyí ló ń ba àwo jẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ fún 78 fẹ̀ ní nǹkan bíi máíkírónì 76; ti 45 ò ju bíi 18 sí 25 lọ. Tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ 45 sórí 78, ìsàlẹ̀ ihò ni á máa wọ́ kiri níbi tí ìdọ̀tí wà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni ṣáàà bíi òjò lórí páànù. Tẹ́ ẹ bá fi ti 78 sórí fáínì, ó ti họ ọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ìwúwo apá ẹ̀rọ: gíráàmù 3 sí 5 fún 78, nǹkan bíi 2 fún 45. Ẹ yẹra fún àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú inú àpótí yẹn tí apá wọn kò ṣe é tún ìwúwo rẹ̀ ṣe.

Tí ẹ̀rọ yín ò bá ní ìyípo 78, ẹ má ra òmíràn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 78 sí i, ẹ lù ú ní 45, ẹ gbà á sínú láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn náà ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn ṣe, mú un yára sí i ní 73.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tó ti ń yíni lọ́wọ́ nìyí: ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fáínì sókè ti ní àtúnṣe RIAA nínú, èyí tó ń dín ohùn tín-ín-rín kù tó sì ń fi kún ohùn ńlá. Wọn ò gé àwọn 78 àtijọ́ sí ìwọ̀n yẹn. Ohùn obìnrin á wá dún bí ẹni fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ẹ ó sì rò pé àwo ló ti gbó. Ẹ gbà á láìfi RIAA sí i, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dá ìyára rẹ̀ padà.

Iná: ẹ má lù ú lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, mọ́tò inú wọn ń tẹ̀ lé ìlù iná, 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Jẹnẹrétọ̀ tó bá sáré dé 52, orin náà á yára ní 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn á gòkè ju ìdajì àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnì dùùrù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Akọrin yín á wá fi ohùn tí kì í ṣe ti Màmá Èkó kọ́ orin. Ínfátà tó dára, tàbí iná ìjọba nígbà tó bá dúró. Tí ohùn kan bá ń kùn "ùùùù" lábẹ́ orin, wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ yín ni kò kan ibi tó yẹ kó kàn.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní fáìlì WAV, 24-bit, 96 kHz. Ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi 35 MB, ojú kan àwo 78 tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ á gba bíi 105 MB. Ẹ̀dà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà kejì ni kẹ́ ẹ fọ. MP3 tẹ́ ẹ bá fi sórí WhatsApp kì í ṣe àkójọ.

Ó kù síbì kan. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin, ẹ má sáré kọ ọ́ pé Adéṣẹwà ni. Obìnrin pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn, bébà àárín kì í sì í dárúkọ wọn. Ẹ lu orin náà fún àgbà méjì tó mọ ohùn rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn ṣáájú. Tí àwọn méjèèjì bá dárúkọ kan náà, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ sí i.

Ìyá Kọ́ọ̀sì

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwé àti ẹ̀rọ tó, ẹ jẹ́ ká gun orí ìtàgé. Ìṣẹ́jú 45 yín, bí mo ṣe máa pín in rèé: opening glee (orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀) 8, eré kéékèèké aláwàdà àti ijó 12, ìtàn rẹ̀ 20, closing glee (orin àti ijó ìparí) 5. Ẹ má fo opening glee. Òun ni ìyàtọ̀ láàárín eré ìgbà yẹn àti fíìmù àgbéléwò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kí ìlú, kó fi ẹgbẹ́ hàn, kó sì sọ ohun tí eré dá lé.

Ìlù nìkan ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹni tó ń wá àga rí àga. Kí obìnrin mẹ́ta wọlé láti ọ̀tún, mẹ́ta láti òsì, kí wọ́n di ìlà méjì, ti iwájú wà láàárín àlàfo ti ẹ̀yìn. Ẹni kan lé, àwọn yòókù gbè. Lílé má ju ìlà méjì lọ, ègbè ìlà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ kí Ọwá, ẹ kí àgbà, ẹ kí ọ̀dọ́. Nínú ẹsẹ̀ kejì ẹ dárúkọ ẹni tá a wá rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ orin tuntun, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́, ohùn orin tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mú ohùn orin ìjọ tó sì ti ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí. Ẹ wò ó: "ọkọ̀ ló gbé e lọ." Tí ohùn orin kò bá sọ̀ kalẹ̀ lórí sílébù kejì yẹn, "ọkọ ló gbé e lọ" ni igba èèyàn máa gbọ́. Orin ìjàǹbá á di orin ìyàwó, àwọn ará ẹ̀yìn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ sọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu nígbà mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, kí onígángan fi gángan sọ ọ́. Ibi tí gángan bá gòkè ni kí orin gòkè.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yín: gángan, àkúbà, sakisofóònù. Bí kò bá sí sakisofóònù, gìtá. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí obìnrin méjì ìlà ẹ̀yìn gbé e, wọ́n á máa jó sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò fi ọkùnrin kankan sílẹ̀ láti ṣe Ògúndé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọlé. Bí ẹnì kan bá fi lè wọ agbádá, kó fi fìlà sí i, kó yọ sójú eré, gbogbo ojú á kúrò lára obìnrin náà, iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, "Adéṣẹwà, ó ti tó àkókò o!", ó pin síbẹ̀.

Nínú ìṣẹ́jú 20 ti ìtàn, ìran mẹ́ta tó: ìpolówó akọ̀wé tó di ìpolówó òṣèré, ẹ̀yìn ìtàgé ní ìlú kan tí wọ́n ti ń jó tí wọ́n sì ń se oúnjẹ, àti gbọ̀ngàn ní Iléṣà tí èrò ti jókòó tí ọkọ̀ ò dé. Ìran ìkẹyìn yẹn, ẹ má ṣe mọ́tò, ẹ má ṣe ariwo ìjàǹbá. Àga kan láàárín, gèlè lórí rẹ̀, ìlù ìbẹ̀rẹ̀ tó ń lù tí ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ẹ jẹ́ kó lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìṣẹ́jú kan gùn lórí ìtàgé, akọrin yín á máa fẹ́ sáré wọlé. Kí wọ́n dúró.

Aṣọ: àǹkárá kan náà, yáàdì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìró gba méjì àbọ̀, bùbá méjì, gèlè ọ̀kan àbọ̀. Kí télọ̀ rán okùn mọ́ etí ìró nínú, kí wọ́n so ó mọ́ ìdí kí wọ́n tó wé e. Pín-ìn-nì nìkan kò tó, ijó ẹ̀ẹ̀kejì ló ń yọ, ẹni náà á sì máa fi ọwọ́ kan jó fi ọwọ́ kan di ìró mú. Kí etí ìsàlẹ̀ dúró ní ìbú ọwọ́ kan sókè ọrùn ẹsẹ̀. Gèlè aṣọ òkè kò yẹ ijó, ó ń yọ́ sẹ́yìn.

Máìkì: ẹ gbé sípíkà síwájú máìkì, kí wọ́n kọjú sí èrò. Bí sípíkà bá wà lẹ́yìn akọrin, á máa hu. Máìkì kan fún ẹni tó ń lé, èkejì fún agbo ègbè, kí onígángan jìnnà sí i ní ìwọ̀n mítà méjì, torí gángan ń gbé ohùn obìnrin mì.

Ọmọ Òkèṣà

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ yẹn ti ṣe wá tẹ́lẹ̀ nínú ìdánrawò, a ò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé a lè kọ orin inú àwo náà gan-an lórí ìtàgé? Àti pé nígbà tá a gbé 78 náà síta, a rí i pé ó sán láti etí wọ inú, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Kò tíì ya.

Ará Enúwá

Lórí orin: 1990 ni Ògúndé kú. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oní-nǹkan (Copyright Act) ti 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ń bẹ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún ikú rẹ̀, ìyẹn di òpin 2060. Gbígbà ohùn inú àwo ní tirẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n gbé e jáde, torí náà ohùn inú 78 yẹn lè ti bọ́ kí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà má tíì bọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹbí, kí ẹ sọ ọjọ́, ibi, iye èrò àti bóyá ẹ ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Tí ìdáhùn ò bá dé ní oṣù kan ṣáájú, ẹ lo orin tuntun tí Ìyá Kọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ kọ.

Aláwo Orin

Ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́ o. Gúlù á sàn wọ ojú orin, abẹ́rẹ́ á máa fò níbẹ̀ títí láé. Ẹ gbé e lé ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má fi ọwọ́ kan gbé e mọ́, ẹ má sì fọ ibi tó sán yẹn, torí omi ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ gbà á látòkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ lù ú ní 45 bí mo ṣe sọ, ó tún dára jù, torí abẹ́rẹ́ ò ní fi agbára gbá ibi tó sán.

Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan á dún "tá" lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yọ etí tí kò ní orin kúrò, ibi tó sán yẹn kò ju nǹkan bí ìyípo ọgọ́ta lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 45 àkọ́kọ́ nínú orin. Ẹ má jẹ́ kí Audacity yọ ariwo náà fúnra rẹ̀, á bá a yọ agogo àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ tóbi lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta péré ni, ìrọ̀lẹ́ kan á kó o tán.